Ìmọ́lẹ̀ Tí Ọmọ Mi Kò Buwọ́ Lù

Èmi tíṣà, ọkọ ọmọ Bàbá, ni mo di kálámù mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà níbí. Bíríkìlà ni Bàbá, ọmọ àgbẹ̀ ni, kò sì wọ ilé ẹ̀kọ́ rí. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti mú ojú òsì rẹ̀ lọ. Dókítà ojú wá ní kí a máa kọ ohun tí ojú ọ̀tún bá ń rí sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọn yóò fi iná lésà tọ́jú rẹ̀. Dókítà ní gbólóhùn kan lójúmọ́ ti tó. Bàbá ní òun kì í sọ gbólóhùn kan. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun bá ṣe sọ ọ́, kí n má fi àṣejù tíṣà bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Wọ́n lẹ ìwé onílà kan mọ́ ògiri yàrá mi. Ìlà tó dúró àti ìlà tó dùbúlẹ̀ ló kún inú rẹ̀, bí ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́. Àmì dúdú kan wà láàárín. Wọ́n ní kí n máa dúró síwájú rẹ̀ láràárọ̀, kí n tẹjú mọ́ àmì yẹn, kí n sì sọ bóyá àwọn ìlà náà tọ́. Lónìí wọ́n tọ́, àfi ọ̀kan nísàlẹ̀ tó tẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń ta okùn kí ìlà lè gún. Mo mọ ìlà tó tẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n dá fún mi. Dókítà ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó hù ló ń hù lẹ́yìn ojú mi, pé wọ́n rọ̀, wọ́n sì lè bẹ́ nígbàkigbà. Iná lésà ni yóò pa wọ́n. Mo bi í pé bí wọ́n bá bẹ́ kí wọ́n tó pa wọ́n ńkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Òjò rọ̀ láàárọ̀. Wọ́n ti gba ṣúgà lọ́wọ́ mi, tíì wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo tẹ̀lé ọmọ mi lọ síbi iṣẹ́. Àkọ́bí mi ni. Ìyá Kékeré ni mo ń pè é nítorí pé ojú ìyá mi ló gbé wáyé, ó sì gbé agídí rẹ̀ náà. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ̀rọ ló ń wọ̀n: bí ẹ̀rọ bá ní báyìí ni agbára òun ṣe tó, òun ni yóò sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó.

Yàrá rẹ̀ dúdú. Ògiri dúdú, aṣọ dúdú lójú fèrèsé, tábìlì náà dúdú. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ ta padà láti ibòmíì wá da ìwọ̀n òun rú. Ó fi ohun tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ hàn mí. Ojú dúdú kan ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ó pe orúkọ rẹ̀ fún mi, fótódáyóòdù, mo ní kó má pe irú rẹ̀ fún mi mọ́. Wọ́n ní inú yanrìn ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe é, ohun tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́nì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí rẹ̀, yóò sọ ọ́ di iná mànàmáná tíntín, mítà yóò sì ka nọ́ńbà jáde.

Mo ní, "Yanrìn tí mo fi ń po sìmẹ́ńtì yìí náà ló ń ríran?"

Ó ní, "Èyí ti lọ sílé ìwé ni, Bàbá."

Méjì ló ní. Èyí tó ń lò lójoojúmọ́ ló ń pè ní Àbúrò. Ẹ̀gbọ́n wà nínú àpótí onítìmùtìmù, kì í jáde àfi bó bá fẹ́ fi Àbúrò wé e. Lọ́dọọdún ni Ẹ̀gbọ́n ń lọ sí ilé ìwọ̀n ńlá tó wà ní olú ìlú kí wọ́n lè yẹ òun náà wò. Okùn gíláàsì ni iná lésà ń gbà jáde. Oṣù tó kọjá ni wọ́n pààrọ̀ okùn náà, tuntun yìí tín bí irun. Ó fi ohun ìdìmú kan di ẹnu okùn náà, ó sì sún un mọ́ ojú dúdú náà títí tó fi kù díẹ̀ kí wọ́n fẹnu kanra. Mo bi í pé kí ló dé tó fún un mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣòfò ni, pé bí ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ohun burúkú ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta òwú ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, a kì í pè é ní nǹkan míì ju Ìyá Olówùú lọ, ló gba iná lésà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó padà wá láàárọ̀ yìí, ó ní ihò dúdú kan ti dé àárín ojú òun. Bó bá wo ènìyàn, ó ń rí etí, kò rí imú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iná náà jó o ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti ti yàrá lésà pa.

Ìyá Kékeré délé, kò jẹun. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Nígbà tó yá ló ní, "Oṣù tó kọjá tí wọ́n pààrọ̀ okùn, mítà mi ní iná náà rẹlẹ̀. Wọ́n yí i sókè títí nọ́ńbà fi pé. Èmi ni mo buwọ́ lù ú."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i láti àárọ̀. Nọ́ńbà kò yí padà, ohun tó kà lóṣù tó kọjá náà ló tún kà. Ọ̀gá ilé ìwòsàn wá bá a nínú yàrá dúdú, mo wà níbẹ̀, wọ́n ti gbàgbé mi sórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá ní, "Nọ́ńbà rẹ tọ́, àbí kò tọ́?"

"Ó tọ́, sà."

"Ó túmọ̀ sí pé obìnrin yẹn mi orí nígbà tí iná wà lójú rẹ̀ ni. Buwọ́ lù ú, ká ṣílẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn ń dúró, bàbá tìẹ gan-an wà nínú wọn."

"Nọ́ńbà tọ́, sà, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àwa ò gbà ọ́ síṣẹ́ láti máa gbàgbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wà fún ìyẹn."

Kò buwọ́ lù ú. Ọ̀gá jáde. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi bojú wẹ̀yìn tó rí mi. A wo ara wa. Ọ̀la ló yẹ kí wọ́n fi iná náà sí mi lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìlà méjì ló ti tẹ̀ báyìí. Ẹyin ti gbówó lórí, wọ́n ní òjò ló ba ọ̀nà jẹ́.

Ìyá Kékeré wá jókòó sórí ibùsùn mi. Ó ní ilé ìwòsàn míì wà tó ní ẹ̀rọ lésà, ọ̀nà rẹ̀ jìn, odidi ọjọ́ kan gbáko ni ènìyàn yóò fi wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Mo ní mi ò lọ.

"Kí ló dé, Bàbá?"

Mo ní ìdí mi ò lè jókòó sórí ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí bàbá ẹni tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ bá kó ẹrù tó sá lọ síbòmíì, kí ni àwọn tó kù yóò sọ? Wọn yóò ní òun gan-an mọ̀ pé ọmọ òun ló jó obìnrin yẹn lójú. Ọ̀gá ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò ní rọrùn fún un.

Ó bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí odò gba oko rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn kó kúrò, òun dúró. Mo sọ ìyẹn fún un.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rántí pé omi gbé oko yẹn lọ?"

Mo ní kó lọ sùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìlà méjì. Oòrùn mú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá lésà tí wọ́n tì pa. Àwa bíi mélòó kan ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ tírélà kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ṣì dà bíi fèrè ọkọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bí ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ wa, ẹ tún wá bá wa jókòó síta. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti gba ẹ̀yìnkùlé mú yín wọlé?"

Mo ní, "Ká ní mo bí ọmọ tó máa ń buwọ́ lu ohun tí kò dá a lójú, ojú yín ni ì bá kọ́kọ́ hó."

"Ẹnu yín mú ju ojú yín lọ."

"Tiyín ò sì mú níbì kankan."

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní ìdajì búrẹ́dì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra ní, "Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Tèmi náà ń ṣókùnkùn." Ẹ̀rín parí níbẹ̀.

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo délé, inú bí mi sí i. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́, mo sì ń rò ó pé ọwọ́ yìí ló di ojú mi mú. Kọ ọ́ síbẹ̀, ọkọ ọmọ mi. Má fò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ó gbé Ẹ̀gbọ́n jáde nínú àpótí lónìí, ó sì fi òun náà wọn lésà náà. Nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n àti ti Àbúrò bára mu. Ọ̀gá fò sókè nígbà tó gbọ́. Ó ní ẹlẹ́rìí méjì ti jẹ́rìí báyìí, kí ló tún kù?

Ọmọ mi ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, sà. Wọ́n lè jọ purọ́."

Ó ní irú ìwọ̀n míì wà tí kì í lo yanrìn rárá. Ooru ló fi ń wọn ìmọ́lẹ̀: iná á bọ́ sórí irin dúdú, irin á gbóná, wọ́n á sì wọn bó ṣe gbóná tó. Kò yára, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Ọ̀gá kọ̀, kò fẹ́ kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ọmọ mi pe ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọkùnrin yẹn sì ní yunifásítì òun yóò yá a, kó ní sùúrù.

Sùúrù. Gbogbo ayé ló ń fi sùúrù ránṣẹ́ sí mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ọgbọ̀n

Mi ò ka ìlà tó tẹ̀ mọ́. Àwọn tó tọ́ ni mo ń kà báyìí, nítorí àwọn ni kò pọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Mò ń wẹ ọwọ́ láàárọ̀ nígbà tí nǹkan dúdú kan já bọ́ níwájú mi bí òwú. Mo na ọwọ́ sí i, kò sí níbẹ̀. Mo yí ojú sọ́tùn-ún, òwú náà bá mi yí. Òmíràn tún sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ tíntìntín bí èéfín tó ń wálẹ̀ láti òrùlé ilé ìdáná.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn iṣan yẹn ti ń jò, kò tíì bẹ́ tán. Ó ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn ọ̀nà jíjìn yẹn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ó pariwo mọ́ mi. Mi ò tíì gbọ́ kí dókítà yẹn pariwo rí.

Mo ní mo gbọ́, pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí wọn kò ṣílẹ̀kùn, n óò lọ.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ni Ìyá Kékeré wí pé, "Ẹ lè gun àkàbà lọ sórí òrùlé, ẹ lè gbé búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ẹ ò lè jókòó nínú ọkọ̀. Ìdí wo ló ń dùn yín, Bàbá?"

Mo wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Òjò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òwú dúdú náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n olóoru kò tíì dé, wọ́n ní afárá kan ló wó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ìròyìn ńlá. Fara balẹ̀ kọ èyí, ọkọ ọmọ mi.

Mo tún tẹ̀lé ọmọ mi lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló pè é lórí fóònù pé kó tó di pé ìwọ̀n olóoru dé, ṣé ó ti dán gíláàsì ìdajì wò? Gíláàsì dúdú kan ni, ìdajì ìmọ́lẹ̀ péré ló ń jẹ́ kó kọjá. Bí ojú dúdú náà bá jẹ́ olóòótọ́, tí wọ́n bá fi gíláàsì yẹn dí i, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ dá sí méjì. Bí kò bá dá sí méjì, irọ́ wà níbì kan.

Ó fẹ́ ki gíláàsì náà bọ àárín ẹnu okùn àti ojú dúdú, kò sí àyè, nítorí ó ti fún wọn mọ́ra jù. Ó tú ohun ìdìmú, ó sún Àbúrò sẹ́yìn kí àyè lè wà. Kò tíì fọwọ́ kan gíláàsì tí mo gbọ́ tó fa àga mọ́ mítà.

Mo ní, "Kí ló bàjẹ́?"

"Bàbá, ẹ dákẹ́ ná."

Ó sún un padà mọ́ ọn. Ó tún sún un sẹ́yìn. Mo ń gbọ́ irin ìdìmú tó ń ká, tó ń tú. Ó wá ní, "Ó ń lọ sókè. Bí mo ṣe ń sún un jìnnà ni nọ́ńbà ń pọ̀ sí i."

Èmi tí mi ò kàwé mọ̀ pé iná kì í pọ̀ sí i lára ẹni tó ń jìnnà sí i. Mo ní ṣé ẹ̀rọ ti ya wèrè ni.

"Rárá o. Ó ń yó ni. Okùn tuntun yìí tín, gbogbo iná náà ló ń rọ́ sórí ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀, ibẹ̀ yó, kò lè gbé e mì mọ́. Èyí tó bá gbé mì ló ń kà. Bí mo bá sún un sẹ́yìn, iná náà á fẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á jọ jẹ ẹ́, á sì rí i kà." Ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n náà yó bẹ́ẹ̀. Iná tí kò lágbára ni wọ́n máa ń fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwọ̀n, kò ní yó níbẹ̀ láéláé. Èmi ni mo ń fún un mọ́ ọn, kí ìmọ́lẹ̀ má ṣòfò."

Ó wá fi gíláàsì ìdajì sí i níbi tó jìnnà yẹn, nọ́ńbà dá sí méjì gééré. Ó sún gbogbo rẹ̀ mọ́ra bó ti lè ṣeé ṣe tó, kò dá sí méjì. Ó ṣe é títí ó fi dá a lójú. Lésà yẹn gbóná ju bí gbogbo wa ṣe rò lọ. Bó bá ti buwọ́ lù ú lọ́jọ́ tí Ọ̀gá wá bá a, wọn ì bá ti sun ojú mi bí wọ́n ṣe sun ti Ìyá Olówùú.

Mo dìde, mo fẹ́ gbá a mọ́ra, mo kọ lu tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún. Wọn yóò yí iná náà wálẹ̀, wọn yóò tún un wọ̀n. Ó ní bó bá pẹ́ jù, Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò fi sí mi lójú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo jí, ilẹ̀ kò mọ́. Mo ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Wọ́n ní ó ti wà ní ṣíṣí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Dókítà ní iṣan náà ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì kún inú ojú. Lésà kò lè la ẹ̀jẹ̀ kọjá, bí ìmọ́lẹ̀ kò ṣe lè jáde náà ni kò lè wọlé. Mo ń rí pupa bàìbàì kan bí oòrùn bá là, ìyẹn nìkan ló kù.

Ìwọ̀n olóoru dé lánàá. Ohun tí Àbúrò kà níbi tó jìnnà ni òun náà kà. Ọmọ mi buwọ́ lù ú. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Awakọ̀ tírélà ni wọ́n kọ́kọ́ mú wọlé, orí bẹ́ǹṣì náà ni ilẹ̀ mọ́ bá a.

Wọ́n sọ fún mi pé Ọ̀gá ṣèpàdé. Ó ní gbogbo wọn mọ rírì iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe, ṣùgbọ́n ká ní kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, bàbá rẹ̀ ì bá ṣì máa ríran. Ó ní ẹni tí kò lè gba ojú bàbá tó bí i là ni. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti sọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìyá Kékeré ń fún mi lóúnjẹ, ó ń ka oògùn mi, ó ń fi aṣọ mi sí ọwọ́ mi. Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Lónìí mo ní kó jókòó. Mo sọ ìdí tí mi ò fi lọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀: bẹ́ǹṣì, Ọ̀gá, àti ohun tí ayé ì bá sọ. Mo rò pé yóò dì mọ́ mi.

Ó wá ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ojú yín ra orúkọ fún mi?"

Mo na ọwọ́ síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá, mi ò bá a.

"Ẹ ò bi mí. Iṣẹ́ ń bẹ tí mo lè rí ṣe bí wọ́n bá lé mi. Ojú míì dà, Bàbá? Ní báyìí, ibikíbi tí mo bá jókòó, èmi ni ọmọ tó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ fọ́jú. Orúkọ tẹ́ ẹ rà fún mi náà nìyẹn."

Ó jáde. Mo gbọ́ tó ń gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá láàárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́ oṣù

Ìyá Olówùú àti awakọ̀ tírélà wá kí mi. Wọ́n jọ wá ni, awakọ̀ ló ń júwe ọ̀nà, obìnrin náà ló di apá rẹ̀ mú. Wọ́n ti fi lésà sí ojú kejì Ìyá Olówùú. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù kò bà á, ẹ̀rọ kan náà tó jó o.

Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí ọmọ yín kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n níwájú mi. Ó wọ̀n ọ́n ní ìgbà mẹ́ta kí n tó jókòó."

Awakọ̀ ní, "Ariwo tó pa nínú yàrá yẹn, mo rò pé wọ́n ń bí ọmọ."

"Ẹ má dá a lóhùn. Òun gan-an ń pe orúkọ ìyá rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà awakọ̀ ní wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri lórí bẹ́ǹṣì pé ọmọ mi ló fi mí ṣòfò. Ó ní òun gbìyànjú láti bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí òun lè sọ. Mo ní kí àwọn méjèèjì padà wá lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ náà lè mọ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè má mọ́. Ní ilé ìwòsàn ọ̀nà jíjìn yẹn, àwọn kan wà tó lè wọ inú ojú lọ fọ̀ ọ́. Kò ṣèlérí. Ọ̀la ni ọkọ̀ ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi, mo ní n óò lọ kó tó sọ tán. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni pé ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

Kí n tó lọ, èyí ni mo fẹ́ kó wà lórí ìwé. Ọmọ mi kò fi mí ṣòfò. Ó rí ọ̀nà fún mi, ó bẹ̀ mí lórí ìkúnlẹ̀, dókítà pariwo mọ́ mi, mo kọ̀. Mo parọ́ pé ìdí ń dùn mí. Ìmọ́lẹ̀ tí kò buwọ́ lù yẹn, kò yẹ kó buwọ́ lù ú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó fi ojú mi ṣòfò, èmi bíríkìlà ni, ọmọ àgbẹ̀, orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò tì mí.

Wọ́n ka èyí sí mi létí. Ìyá Kékeré ní òun kò ní fi han ẹnikẹ́ni, pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo ní kó fi sínú àpò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ kó ya á.

Àmì Bàbá: X

Ó ní kí ẹnikẹ́ni má di ọwọ́ òun mú. Apá kan àmì náà bọ́ sórí ìwé, apá kejì bọ́ sórí tábìlì. Ìyàwó mi ní kí n má nù ún.

Àwọn tí ó ṣojú wọn: Ìyá Olówùú, tó fi ojú kan rí i, àti Awakọ̀ Tírélà, tó ní kí n kọ ọ́ pé òun rí i dáadáa.